Ohùn Tí Ẹ̀rọ Gbé Bọ̀ Láti Òkè Tinabua

Ọ̀sán ni ẹ̀rù Òkè Tinabua, kì í ṣe òru. Lóru, òkè náà ń sùn bí òkè yòókù. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti dúró gangan lórí, tí òjìji èèyàn bọ́ sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí ará Kolomela tó máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Koríko ibẹ̀ ga ju èèyàn lọ, ó sì mú bí abẹ. Nísàlẹ̀ koríko ni ihò tí àwọn ọmọ ogun Jàpáánù gbẹ́ wà, pẹ̀lú akoto irin tó ti dípẹtà àti egungun tí ẹnikẹ́ni ò wá gbé lọ sílé. Ogun ọjọ́ náà kì í ṣe ogun wa. Orí ilẹ̀ wa ni àlejò méjì ti fa ara wọn ya, wọ́n wá fi òkú wọn sílẹ̀ fún wa bí ẹni tó jẹun tán tó fi àwo àìfọ̀ sílẹ̀ fún onílé.

Losana ló ni òkè náà. Lọ́dọ̀ wa ní erékùṣù Guadalcanal, inú ìyá ni ilẹ̀ ti ń wá. Ọmọ kì í jogún ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìdílé ìyá rẹ̀ ni òun náà wà, ibẹ̀ ni ilẹ̀ rẹ̀ wà. Losana ò ní arábìnrin. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Nesta, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tó parí. Bí Nesta bá kú láìbímọ, okùn já nìyẹn. Ẹni tó bá ń gbé orí òkè nígbà náà ni yóò jókòó sórí rẹ̀.

Ẹni tó sì ń gbé orí òkè ni Vurato. Manerua, ẹ̀gbọ́n ìyá Losana lọ́kùnrin, ló bí i. Nígbà ayé Manerua, òun ló ń ṣọ́ òkè náà fún àwọn arábìnrin rẹ̀, òun náà ló sì ni vele tí gbogbo etíkun ń bẹ̀rù. Àpò kékeré kan ni, tí a fi okùn hun, tí ẹni tó ni ín máa ń gbé kọ́ ọmọńdinrín ìka rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi hàn yóò ṣubú bí igi tí a gé. Oní-vele á jí i, á bi í pé ta ni òun. Bí kò bá dá a mọ̀, á dá ìgbà ikú fún un, á sì ní kó máa lọ sílé. Yóò lọ lóòótọ́. Yóò jẹun, yóò bá wọn ṣeré, kò ní rántí ohunkóhun, títí ìgbà náà yóò fi dé.

Nígbà tí Manerua kú, Vurato gba àpò náà, ó sì sin bàbá rẹ̀ sórí òkè. Ó ní, "Ta ni yóò wá lé mi kúrò lórí sàréè bàbá mi?" A gbọ́, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

*

Àlejò dé lẹ́yìn ìjì. Greta ni obìnrin tó ṣáájú wọn ń jẹ́, ará Australia ni. Donal ni ọkùnrin tó ń gbé ẹ̀rọ tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wá òkú káàkiri ojú ogun àtijọ́, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n wọn òtútù wọn, kí wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò bí wọ́n bá gbà. Àwa rò pé àwàdà ni. Ta ló ń wá òkú? Òkú ló ń wáni.

Wọ́n jókòó sí ìloro Losana, wọ́n ń jẹ ọ̀dùnkún sísun, Nesta ń ṣe ògbufọ̀. Àfi bí Vurato ṣe wọlé, tí obì ilẹ̀ wa, tó ń fi ẹfun jẹ, ti sọ ẹnu rẹ̀ di pupa bí ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Wọ́n ní àlejò mi ń bẹ níbí."

Losana ò gbójú sókè. "Àlejò rẹ? Ìgbà wo lo di onílé?"

"Ṣebí èmi ni mò ń gbé orí òkè."

"Eku náà ń gbé inú àjà mi. N ò tíì gbọ́ pé ó ń gbàlejò."

Ẹ̀rín sọ. Vurato náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ lọ.

"Ẹnu yín mú, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó lẹ́yin kan ṣoṣo lọ́wọ́ kì í bá àpáta jà."

"Vurato, bú mi bí o bá fẹ́. Má ka ọmọ mi."

"Mo kà á ni? Ẹyọ kan, ṣé ìyẹn náà tún ń fẹ́ kíkà?"

Greta wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yí sí Nesta. "Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ń kí ara wọn ni," Nesta dáhùn.

*

Vurato gòkè. Ó gbé obì mẹ́rin lé orí sàréè bàbá rẹ̀, ó lóṣòó.

"Bàbá, ọmọ yín ni mí. Èmi ni mo wẹ̀ yín, èmi ni mo gbẹ́ sàréè yín. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ arábìnrin yín tó bá mi ṣe é lọ́jọ́ náà. Àlejò ti dé báyìí, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, Losana ni wọn yóò máa pè ní onílẹ̀. Ẹ fún àpò yìí lágbára. Òkú ogun ni wọn yóò di ẹ̀bi rù. Ta ló máa wádìí?"

Ó kọ́ àpò náà mọ́ ọmọńdinrín. Ó wúwo ju bí ó ṣe máa ń rí lọ, bí ẹni pé nǹkan kan sùn sínú rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn nínú. Ó rò pé ìdáhùn ni.

Nísàlẹ̀, lábúlé, àwọn àdán tó ń sùn lórí igi ńlá etí odò gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì bo ojú oòrùn. Àdán, lọ́sàn-án gangan! Àwọn ìyá pe ọmọ wọn wọlé.

*

Losana fúnra rẹ̀ ló mú àwọn àlejò dé ìdí òkè. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka, ó pe àwọn tó ni ibẹ̀ lórúkọ, ó ní àwọn tó ń bọ̀ yìí kò gbé ìbọn. Lẹ́yìn náà ló di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Má ṣe dá rìn. Bí o bá gbọ́ tí igi ṣẹ́ lẹ́yìn rẹ, má wẹ̀yìn."

"Màmá, mo gbọ́."

Ọmọ gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sán gùn. Donal gbàgbé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ sẹ́nu ihò, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Nesta ní òun á yára lọ mú un. Koríko pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó jáde, ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, erùpẹ̀ pupa sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti nínú irun rẹ̀.

"O ṣubú ni?" Donal bi í.

"Èmi kẹ̀? Rárá o." Ó sì rẹ́rìn-ín.

Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo wa há sí ilé ìdáná Losana, èéfín ń lọ́ mọ́ wa lójú. Greta ní kí a jọ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ mú. Ó tàn án. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ fẹ́. Lẹ́yìn náà, igi kan ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ bí ara ṣe lulẹ̀, gbì.

Ohùn ọkùnrin kan sọ̀rọ̀, bí ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ta ni mí?"

Ohùn Nesta dáhùn, ó rọ̀ bí ti ẹni tí oorun ń gbé lọ. "Màmá mi?"

"Wò mí dáadáa. Ta ni mí?"

"Bàbá àgbà Manerua... Ẹ̀yin lẹ dúró síbẹ̀ yẹn."

Koríko ya, bí ìgbà tí ọkùnrin náà yára wẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló tún sọ̀rọ̀, kíákíá. "Kò mọ̀ mí. Ọjọ́ tí kókò tuntun bá jáde nílẹ̀ lóko ìyá rẹ, bí ewé rẹ̀ bá ti rọ tán, wàá sùn. Dìde. Máa lọ. O ò rí mi."

"N ò rí yín."

Ẹ̀rọ kú. Òjò nìkan ló kù. Nesta fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀, bí ẹni pé ó bọ́ sílẹ̀ lára òun. "Èmi nìyẹn? Màmá, n ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. N ò sọ ọ́!"

Inú Greta dùn débi pé ó dì mọ́ Donal. Ọmọ ogun tó kú ti sọ̀rọ̀! Kò mọ̀ pé òkú Jàpáánù kì í fọ èdè Kolomela. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló sọ?"

Losana da omi sí iná ìdáná. "Ó ní kí ẹ máa lọ sílé."

*

Gbogbo wa la mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn kò lójú, a kì í sì í fa ohùn lọ sí iwájú àgbà. Losana fi ọgbà yí oko kókò rẹ̀ ká, ó fi igi ṣe é ní ìlọ́po méjì, ó ní kò sẹ́ni tí yóò hú ẹyọ kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gba orí àwọn òkè ńlá lọ sí Etíkun Ìjì, ní òdìkejì erékùṣù, lọ bá Chaku.

Ọ̀tá ilé wọn ni Chaku. Òun àti Manerua ti fi oògùn bá ara wọn fà á títí irun wọn fi funfun. Ojú rẹ̀ ọ̀tún kò ríran mọ́. Wọ́n ní Manerua ló gbé e lọ.

"Ọmọ ilé Manerua," ló wí, "ẹsẹ̀ rẹ ò já lójú ọ̀nà?"

"Ọmọ mi ni, Bàbá."

"Ojú mi ńkọ́? Ṣé ẹ gbé e wá?"

"Ẹ bú mi tán, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé mi."

Baba náà rẹ́rìn-ín, kò léyín. "Kì í ṣe torí tìẹ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ Manerua mọ oògùn tó bàbá rẹ̀ ni."

Ó dé Kolomela, ó ri atalẹ̀ àti ewé tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà Losana. Ó tu itọ́ sí orígun ilé. Ó ní kí Nesta fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti òpó, kó má ṣe sùn. Ní ìdájí, a bá ewé náà lórí ilẹ̀, wọ́n ti fà á ya, wọ́n tò ó sójú kan bí ẹni tó ń ṣeré. Chaku tún omíràn rì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Atalẹ̀ kejì jáde fúnra rẹ̀, ó dúdú bí èédú.

Ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ariwo sọ lóko. Ẹnì kan ti ṣí ọgbà. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ti wọlé, wọ́n ti hú kókò tuntun sílẹ̀ káàkiri, gbòǹgbò wọn funfun ń wo oòrùn.

Nesta ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tí Donal sọ nígbà náà. Ẹ̀rín náà kò parí. Ó jókòó sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní òtútù ń mú òun, nínú oòrùn tó lè yan ẹyin.

*

Nọ́ọ̀sì wá láti ilé ìwòsàn, kò rí àìsàn kan. Greta ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Honiara. Odò ti kún, ọkọ̀ ò lè kọjá. Láti ìgbà yẹn ni Greta ò ti ya fọ́tò mọ́. Àwọn obìnrin ṣa ewé kókò náà jọ, wọ́n kì wọ́n sínú omi nínú agbada, wọ́n gbé e sábẹ́ ibòji, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ bù wọ́n lómi léraléra. Bí ewé kan bá ti tẹrí, Nesta á kérora. Bí wọ́n bá gbé e dúró, á mí. N ò tíì rí kí obìnrin máa tọ́jú ewé bí ọmọ jòjòló rí.

"Ẹ ṣe nǹkan, Bàbá," Losana wí.

Chaku nu ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. "Mo ti ṣe é. Agbára Manerua ni ọmọkùnrin yẹn ń lò, n ò borí Manerua rí."

"Kí wá ni ẹ ń bá mi jókòó fún?"

Baba wò ó pẹ̀lú ojú kan tó kù. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ korò lẹ́nu rẹ̀, torí ó máa gbe ilé tó kórìíra.

"Ta ló bí Manerua?"

"Ìyá àgbà mi ni."

"Ìdílé ta wá ni Manerua wà? Tìrẹ, àbí ti ọmọ rẹ̀?"

Losana gbójú sókè wo Òkè Tinabua.

"Ọmọ yẹn jogún àpò, ó rò pé òun jogún ọwọ́ tó hun ún. Ó gbé òkú èèyàn yín lọ sí orí ilẹ̀ yín, ó tún ní kó bá òun pa ọmọ ilé yín. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Lọ bá òkú rẹ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá pè é, yóò mú ẹnì kan. Òkú kì í gbéra lásán."

*

Vurato wà nínú ahéré rẹ̀ lórí òkè, ó ń mu omi àgbọn. Ó ń retí igbe láti ìsàlẹ̀. Dípò rẹ̀, ó gbọ́ ikọ́ bàbá rẹ̀. Ó mọ ikọ́ náà: ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tu itọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó jáde lọ sí sàréè.

Obì tó gbé síbẹ̀ ṣì wà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ikọ́ náà tún dún. Ìdí òkè ló ti wá, lọ́nà ilé Losana.

"Bàbá?" ó pè. "Bàbá, ibí ni mo wà o!"

Àpò ọwọ́ rẹ̀ ti fúyẹ́. Ó fúyẹ́ bí àpò tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ rí. Ó gbọ́ tí koríko ń ya, ó rí obìnrin kan tó ń gòkè bọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó sá wọ inú ihò àwọn ọmọ ogun, ó lúgọ láàárín egungun.

*

Losana nìkan ló dé ibẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀bẹ kókò lọ́wọ́ rẹ̀, kókò tí ẹlẹ́dẹ̀ hú náà ni. Ó da obì Vurato nù, ó gbé tirẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, èmi Losana ni. N ò bẹ̀ yín. Mo wá bi yín ni. Nesta ń kú. Bí ó bá kú, n ò lè bí mọ́, ta ni yóò máa pe orúkọ yín? Ọmọ yín ń gbé orí yín, ṣùgbọ́n ìdílé ìyá rẹ̀ ló wà. Bí òun náà bá bímọ, ìdílé ìyá àwọn ọmọ yẹn ni wọn yóò lọ. Ẹ ó wà níbí pẹ̀lú àwọn àjèjì tí kò lórúkọ, ẹ ó sì di ọ̀kan lára wọn. Okùn wa nìyí, ọmọ yín nìyẹn. Ẹ mú ọ̀kan."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi pọn Vurato nígbà tí Vurato wà lọ́mọdé. Síbẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ náà padà.

Atẹ́gùn ò fẹ́. Síbẹ̀ koríko pín sí méjì láti orí sàréè, ó ń pín lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ìgbà tí ẹni wúwo bá ń rìn, tààrà sí ẹnu ihò. Losana yí ẹ̀yìn padà. Igi kan ṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó gbọ́ ohùn Vurato nínú ihò, ó tinrín bí ti ọmọdé: "Ẹ̀yin ni bàbá mi! Mo mọ̀ yín! Bàbá mi ni yín!"

Kò gbọ́ ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn.

*

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Vurato dé àgbàlá Losana. Ó fi ìgbáròkó wọ́ ara rẹ̀ débẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ya. Nínú ilé, Nesta ti jókòó, ó ti ní kí wọ́n fún òun ní nǹkan jẹ. Nínú agbada, ewé ti dúdú tán, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n. Omi."

Losana jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, inú àwo kan la ti jọ jẹun."

"Ilẹ̀ lo fẹ́," Losana wí. "Òun nìyẹn. Jókòó sórí rẹ̀."

Nesta jáde, ó ń di ògiri mú, igbá omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gba igbá náà, ó da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, níbi tí ọwọ́ Vurato ò lè tó.

"Màmá! Ẹ̀jẹ̀ wa ni!"

"Bàbá rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wa. Òun kọ́."

Kò sí ẹnì kan nínú wa tó dìde. Èmi náà ò dìde. Vurato fi ẹnu kan ẹrẹ̀ níbi tí omi náà dà sí, ó sì kú síbẹ̀.

Àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi wá gbé e. Wọ́n bẹ Losana kó jẹ́ kí wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ó kọ̀. Wọ́n wa ọkọ̀ gbé òkú rẹ̀ kọjá lábẹ́ òkè náà, wọ́n ń sọkún, wọ́n sì ń ṣépè. Greta àti Donal bá wọn dé ẹnu odò, wọn ò gba ohùn kankan sílẹ̀.

Nesta ti bímọ báyìí, obìnrin ni. Okùn ò já. Ó kọ́ ilé ìdáná tirẹ̀ sí òpin abúlé, odò ló sì ti ń pọn omi rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kànga ìyá rẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù. Bí ó bá ń gba iwájú ilé Losana kọjá, tí ìyá àgbà na ọwọ́ sí ọmọ, Nesta máa ń kí i, ẹ káàárọ̀, màmá, ó máa ń rẹ́rìn-ín pàápàá. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti gbé ọmọ náà sí apá kejì.